Kọ́kọ́rọ́ Ṣọ́ọ̀bù Kì Í Ṣe Ohun Tí À Ń Gbé Kọ́ Ìṣó

Bàbá Akọ̀wé ń dá yín lóhùn

Ọdún márùndínlógójì ni mo fi ṣe akọ̀wé kóòtù kí n tó fẹ̀yìn tì ní 2009. N kì í ṣe lọ́yà o. Ohun tí ojú mi rí àti ohun tí ọwọ́ mi kọ sílẹ̀ ni mò ń sọ. Ìwé tó wọlé lórí ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù lóṣù yìí pọ̀, mo sì mú mẹ́ta nínú wọn.

*Bàbá Akọ̀wé, ẹ kú iṣẹ́ o. Aṣọ obìnrin ni mò ń rán ní Alékúwodò níbí. Ọdún méjì ni mo san owó ṣọ́ọ̀bù mi sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ₦720,000. Ajẹ́ntì gba tirẹ̀, lọ́yà tó kọ àgíríméǹtì gba tirẹ̀, mo tún san ₦50,000 kọ́ṣọ̀n. Mo fi ilẹ̀kùn gíláàsì sí ẹnu ọ̀nà, mo kan pákó ìkáṣọ mọ́ ògiri. Oṣù mẹ́jọ péré ni mo lò níbẹ̀ tí ibi iṣẹ́ ọkọ mi fi gbé e lọ sí Ìlọrin. Àwọn ọmọ ti ń lọ síléèwé lọ́hùn-ún. Èmi nìkan ló ń lọ tó ń bọ̀ bí awakọ̀, owó mọ́tò sì ti ń jẹ owó ìránṣọ run.*

*Mo lọ bá baba onílé pé kí wọ́n ṣàánú mi, kí wọ́n dá owó oṣù mẹ́rìndínlógún tó kù padà. Baba rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní owó náà ti di òrùlé ilé àwọn lábúlé. Obìnrin kan tó ń ta bàtà òkirika gbọ́ pé mo fẹ́ kúrò, ó ní òun á fún mi ní ₦450,000, kí n sáà ti kó kọ́kọ́rọ́ fún òun. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n gba owó náà, kí n wọ mọ́tò Ìlọrin, pé baba ò ní tètè mọ̀. Ṣùgbọ́n àbúrò mi tó bá mi ka àgíríméǹtì ní ó wà níbẹ̀ pé n kò gbọdọ̀ fi ṣọ́ọ̀bù náà fún ẹlòmíì láìgba àṣẹ onílé. Ẹlòmíì tún ní kí n ju kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ fún baba, kí n pè wọ́n lẹ́jọ́. Ẹ gbà mí.*

*Ìyá Ayọ̀, Alékúwodò, Òṣogbo*

Ìyá Ayọ̀, kí n tó dá yín lóhùn: níbo ni kọ́kọ́rọ́ yẹn wà báyìí? Bó bá ṣì wà nínú báàgì yín, ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀. Ẹ má fún oníbàtà, ẹ má fún ọmọ baba, ẹ má sì kó o fún ajẹ́ntì pé kó bá yín mú un délé baba.

Ohun tó ṣe mí rí ni mo fi ń sọ bẹ́ẹ̀. Ní 1986, nígbà tí Òṣogbo ṣì wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, èmi àti àbúrò mi kan gba yàrá kan ní Òkè-Fìà, a fi ṣe ilé ìyafọ́tò. Àgíríméǹtì ọdún mẹ́ta la fọwọ́ sí, ọdọọdún la ó máa sanwó, ₦480. Àbúrò mi ló mọ iṣẹ́, èmi kàn fi owó sí i. Kó tó pé ọdún, ó ríṣẹ́ sí Èkó, ó bá tirẹ̀ lọ. Mo ti ilẹ̀kùn, mo fi òwú pupa so kọ́kọ́rọ́ méjèèjì pọ̀, mo kó o délé onílé. Baba kò sí ńlé. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin kan ni mo bá, tí kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́tàlá lọ, ó ń lọ ata lẹ́yìnkùlé. Ó nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò, ó gba kọ́kọ́rọ́, ó gbé e kọ́ ìṣó tó wà lábẹ́ kàlẹ́ńdà ní pálọ̀. Mo ní, "Sọ fún baba pé a ti kúrò o." Ó ní ó dáa. Mo gun kẹ̀kẹ́ mi, mo lọ.

Oṣù méje lẹ́yìn náà ni ìwé dé pé kí n wá san owó ọdún kejì. Mo fi ìbínú débẹ̀. Baba mú mi wọ pálọ̀, kò bá mi jiyàn, ó kàn nawọ́ sí ìṣó. Kàlẹ́ńdà ti yí padà, ti ọdún tuntun ló wà níbẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ mi ni mo rí lábẹ́ rẹ̀ yẹn, òwú pupa kò tíì ṣá, alántakùn ti ta sí i. Baba ní, "Akọ̀wé, ṣé èmi ni mo gbà á lọ́wọ́ rẹ?"

Èmi tí mò ń jókòó sí kóòtù lójoojúmọ́! Mo mọ ohun tí adájọ́ máa sọ bí a bá débẹ̀, nítorí ọwọ́ mi ni mo fi ń kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà tó bá ń sọ ọ́ fún àwọn ẹlòmíì. Mo dọ̀bálẹ̀ fún baba. Ó gba ₦240 lọ́wọ́ mi, a kọ ìwé, a fọwọ́ sí i. Owó náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó gbogbo owó oṣù mi.

Ibi tí mo ti ṣìnà nìyí. Bí ènìyàn méjì bá fọwọ́ sí iye ọdún kan pàtó, ọdún náà de onílé, ó sì de ẹni tó gba ilé. Baba onílé yín kò lè jí lọ́la kí wọ́n ní kí ẹ kó ẹ̀rọ ìránṣọ yín síta nítorí pé ọmọ àwọn fẹ́ ta oògùn níbẹ̀. Bákan náà ni ẹ̀yin nìkan kò lè dá ọdún náà dúró. Èèyàn lè ju kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ títí, kò fòpin sí nǹkan kan, àfi bí onílé bá gbà á bí ẹni tó gba ilé rẹ̀ padà. Ó lè fi ẹnu sọ pé òun gbà á, ó lè kọ ọ́ sílẹ̀, ìwà rẹ̀ náà sì lè sọ ọ́: bó bá gba kọ́kọ́rọ́, tó kun ògiri, tó fi ẹlòmíì síbẹ̀, kò tún lè yí padà pé ẹ̀yin lòun ṣì mọ̀. Yàrá tiwa wà ní títì pa fún oṣù méje gbáko, ẹnikẹ́ni kò wọbẹ̀. Ìyẹn ló pa mí.

Owó tí ẹ ti san ńkọ́? Mi ò ní tàn yín. Ká ní baba ló ṣẹ̀ yín ni, bóyá wọ́n fi àgádágodo ti ṣọ́ọ̀bù mọ́ yín tàbí wọ́n fi ẹlòmíì síbẹ̀ lẹ́yìn yín, kóòtù á bi wọ́n léèrè owó yín. Ṣùgbọ́n pé ibi iṣẹ́ gbé ọkọ yín lọ sí Ìlọrin, ọ̀rọ̀ ilé yín nìyẹn lójú òfin. Àfi tó bá wà nínú àgíríméǹtì pé ẹni tó bá fẹ́ kúrò kí ọdún tó pé lè kúrò, bó bá ti fún ẹnì kejì ní nótíìsì oṣù báyìí-báyìí. Àwọn lọ́yà mìíràn máa ń kọ irú ẹ̀ sí i, àwọn mìíràn kì í kọ ọ́. Kí àbúrò yín tún ìwé náà kà láti òkè dé ìsàlẹ̀, kó má dúró síbi tó ti rí "kò gbọdọ̀" àkọ́kọ́. Mo ti rí ẹni tó ń sunkún lẹ́nu ọ̀nà kóòtù, tí ohun tó ń wá sì wà ní ojú ewé tó kẹ́yìn ìwé tó ká sí abíyá.

Ẹ jẹ́ ká gbà pé kò sí nínú ìwé yín. Ẹ mú bírò. ₦720,000 fún oṣù mẹ́rìnlélógún, ₦30,000 lóṣù nìyẹn. Oṣù mẹ́jọ tí ẹ ti lò jẹ ₦240,000, ó ku ₦480,000. Ó dáa. Ẹ wá lọ bi ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ yín pé èló ló san. Ẹ má bi ajẹ́ntì, ẹni tó sanwó ni kí ẹ bi. Ká sọ pé ó san ₦600,000 fún ọdún kan. Á jẹ́ pé ₦50,000 lóṣù ni irú ṣọ́ọ̀bù yín ń mú wọlé báyìí, ẹ̀yin sì jókòó síbẹ̀ ní ₦30,000. Fún oṣù mẹ́rìndínlógún, ₦800,000 nìyẹn. Bí baba bá da gbogbo ₦480,000 yín padà láìyọ kọ́bọ̀, tí wọ́n sì rí ẹlòmíì fi síbẹ̀, wọ́n ṣì jèrè ₦320,000.

Ṣé ẹ rí i? Ẹ lọ bá baba bí ẹni tó ń tọrọ, ọjà sì wà lọ́wọ́ yín. Oṣù mẹ́rìndínlógún ní Alékúwodò ní iye owó àtijọ́, ọjà gidi ni. Láti 2023 tí epo àti gbogbo nǹkan ti gbówó lórí, onílé tó ti gba owó ọdún méjì tì kò sùn dáadáa mọ́, ó ń fi ìka ka oṣù. Ẹ̀rín tí baba rín yẹn, ẹ̀rín ẹni tí kò tíì ṣe ìṣirò ni. Ẹ bá wọn ṣe é.

Ṣùgbọ́n ẹ má béèrè owó lọ́wọ́ wọn. Òótọ́ ni baba sọ, wọ́n ti ná an. Ṣé òrùlé ni kí wọ́n ṣí? Ẹni tó lówó lọ́wọ́ ni kí ẹ mú lọ bá wọn, oníbàtà yẹn gan-an sì ni mo ní lọ́kàn. Kí ó bá baba ṣe àgíríméǹtì tuntun ní orúkọ ara rẹ̀, kí ó san owó tuntun, kí baba sì yọ tiyín níbẹ̀ níṣojú gbogbo yín. Bó bá san ₦600,000 ọdún kan, tí ẹ gbà pé kí baba fún yín ní ₦400,000, ₦200,000 wọ àpò wọn lọ́jọ́ náà lórí ṣọ́ọ̀bù tí kò bá mú nǹkan kan wá fún wọn fún oṣù mẹ́rìndínlógún. Ẹ̀yin pàdánù ₦80,000. Ó dùn mí fún yín, ṣùgbọ́n ẹ ka owó mọ́tò Ìlọrin oṣù mẹ́rin, kí ẹ wò ó bóyá kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Oníbàtà lè fajú ro o. ₦450,000 fún oṣù mẹ́rìndínlógún ló ń retí, ìyẹn sì dín ju iye tí ẹ̀yin gan-an san lọ. Ọlọ́jà ni, ó mọ ohun tó ń ṣe. Bó bá kọ̀, ẹ wá ẹlòmíì. Tàbí kí ẹ lọ bá baba pé kí wọ́n fún yín láṣẹ kí ó wá lo ọjọ́ tó kù parí, kí ẹ sì fún wọn ní nǹkan nínú owó rẹ̀. Ìyẹn náà bófin mu, bí àṣẹ náà bá wà lórí ìwé. Ẹ kàn mọ̀ pé ẹ̀yin ni baba ṣì mọ̀ ní ayálégbé nìyẹn. Bó bá dáná sun ògiri, bí kò bá kúrò lọ́jọ́ tí àsìkò pé, ẹ̀yin tí ẹ wà ní Ìlọrin ni wọ́n máa pè. Èmi kò fẹ́ràn rẹ̀. Kí ẹ kúrò láàárín pátápátá ló sàn.

Ti pé kí ẹ gba ₦450,000 kí ẹ sì sá, ọ̀rẹ́ yín fẹ́ràn yín ṣùgbọ́n kò fẹ́ràn yín tó. Ìwé tí ẹ fọwọ́ sí ní ẹ kò gbọdọ̀. Ọjọ́ tí baba bá bá bàtà nínú ṣọ́ọ̀bù aránṣọ, wọ́n lè fi ìyẹn gba kóòtù lọ, kí wọ́n sì gba ilé wọn láìdá kọ́bọ̀ padà. Oníbàtà tí owó rẹ̀ run kò ní bá baba jà. Ilé yín ní Ìlọrin ló máa béèrè, Òṣogbo kò sì tóbi tó bẹ́ẹ̀ tí ẹnì kan ò ní júwe rẹ̀ fún un.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá parí ọ̀rọ̀, ìwé tí ẹ máa kọ kò gùn. Irú èyí tó:

*Èmi, lágbájá, onílé, gba ṣọ́ọ̀bù mi ní Alékúwodò padà lónìí lọ́wọ́ Ìyáàfin lágbájá. Mo gba kọ́kọ́rọ́ mẹ́ta. Mo fún un ní ₦400,000 owó àsìkò tó kù, àti ₦50,000 kọ́ṣọ̀n rẹ̀. Àgíríméǹtì wa parí lónìí. Kò jẹ mí ní gbèsè, èmi náà kò jẹ ẹ́.*

Ẹ kọ déètì sí i, kí ẹlẹ́rìí kọ̀ọ̀kan wà níhà kọ̀ọ̀kan, kí ẹ ṣe é ní ẹ̀dà méjì. Ọdún méjì ni tiyín, irú ìwé yìí tó. Ẹni tí tirẹ̀ bá ju ọdún mẹ́ta lọ, kí ó jẹ́ kí lọ́yà ṣe é pẹ̀lú èdìdì. Ẹ sì rí i pé wọ́n dárúkọ kọ́ṣọ̀n lọ́tọ̀, nítorí ìyẹn kì í ṣe owó ilé. Owó tí ẹ fi sílẹ̀ nítorí bí nǹkan bá bàjẹ́ ni, bí nǹkan kò bá sì bàjẹ́, tiyín ni.

Ó ku gíláàsì àti pákó ìkáṣọ. Ohun tí ayálégbé bá kàn mọ́ ilé nítorí òwò rẹ̀, ó lè tú u lọ, bó bá ti dí ihò tó dá sí ògiri. Ṣùgbọ́n kí ó tó fi ilé sílẹ̀ ni o. Bí ẹ bá ti fi kọ́kọ́rọ́ lélẹ̀ tán tí ẹ wá ń padà bọ̀ wá tú gíláàsì, baba lè ní tàwọn ni. Ó ṣeé ṣe kí oníbàtà fẹ́ rà á lọ́wọ́ yín. Ẹ tà á, kí ẹ gba owó rẹ̀ lọ́tọ̀, kí baba mọ̀ sí i. Lẹ́yìn náà kí ẹ gbálẹ̀, kí ẹ fi fóònù ya ògiri, sílíǹgì, ojú fèrèsé àti nọ́ńbà tó wà lójú mítà iná. Ọwọ́ baba fúnra wọn ni kí ẹ wá fi kọ́kọ́rọ́ sí.

*Bàbá, ẹ̀yà ara ọkọ̀ ni mò ń tà ní Òkè-Baálẹ̀. Ọdún mẹ́ta ni mo san, ó ku oṣù mẹ́rìnlá. Onílé kú, àwọn ọmọ rẹ̀ ta ilé náà. Ẹni tó rà á ní kí n jáde kí oṣù yìí tó parí, pé òun kò bá mi ṣe àdéhùn kankan. M.K.*

Ó bá yín ṣe é, kò kàn mọ̀ ni. Ẹni tó ra ilé tí ayálégbé wà nínú rẹ̀, bàtà onílé àtijọ́ ló kẹ́sẹ̀ bọ̀. Ikú baba kò pa àgíríméǹtì yín, títà tí wọ́n ta ilé kò sì pa á. Oṣù mẹ́rìnlá yẹn, tiyín ni. Bó bá yọ páànù lórí yín tàbí tó ti ilẹ̀kùn mọ́ yín, òun ló rú òfin, ẹ sì lè gbé e lọ sí kóòtù. Ẹ má bá a jà lójú pópó. Ẹ fún un ní ẹ̀dà àgíríméǹtì àti rìsíìtì yín, kí ojúlówó wà nílé. Lọ́wọ́ kan náà, kí ẹ gba ẹ̀dà ìwé tó fi ra ilé lọ́wọ́ rẹ̀, kí àwọn ọmọ baba sì fi ìwé sọ fún yín pé òun ni onílé tuntun. Bí ẹ bá ṣi owó san fún ẹni tí kò nilé, wàhálà mìíràn nìyẹn.

Bó bá ń kánjú lóòótọ́, kí ó ra oṣù mẹ́rìnlá lọ́wọ́ yín. Owó ilé tó kù nìkan kọ́ o. Ẹ fi owó ìkẹ́rù kún un, ẹ fi ti ajẹ́ntì ibi tuntun kún un, ẹ sì ronú iye oníbàárà tí kò ní mọ ibi tí ẹ wọ̀ sí. Ẹ̀yin kọ́ lẹ ń kánjú. Ẹ jẹ́ kí òun kọ́kọ́ dárúkọ owó.

*Irun ni mò ń ṣe ní Ayétòrò. Kò sí àgíríméǹtì, rìsíìtì ọdún kan ṣoṣo ni mo ní, láti ọjọ́ kìíní oṣù Keje. Ó ku oṣù mẹ́ta kó pé, mo sì ti rí ibòmíì. Ṣé mo lè gba owó oṣù mẹ́ta náà padà? Ìyá Ìbejì*

Ẹ jẹ́ kó lọ, Ìyá Ìbejì. Owó oṣù mẹ́ta kò tó ohun tí ẹ máa ná lé e lórí. Ohun tó wà níwájú yín le ju ìyẹn lọ. Bó bá jẹ́ ọdún àkọ́kọ́ yín nìyí, tí rìsíìtì sì dá ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó máa parí, ọdún náà á parí fúnra rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ẹ ti ń san án lọ́dọọdún bọ̀ láìsí ìwé, òfin lè kà yín sí ayálégbé ọdọọdún, nótíìsì oṣù mẹ́fà sì ni ti ọdọọdún. Onílé nìkan kọ́ ló ń fúnni, ẹ̀yin náà jẹ ẹ́. Oṣù mẹ́ta péré ló kù fún yín. Nítorí náà ẹ kọ lẹ́tà lónìí pé ẹ kò ní san ti ọdún tó ń bọ̀, kí ẹ sì bẹ onílé kí ó kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ ẹ̀dà yín pé òun gbà bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn kì í kọ̀, wọ́n ti ń wo owó tuntun. Kí ẹ sì kó gbogbo ẹrù kí ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù Kẹfà tó ṣú. Bí díráyà kan ṣoṣo bá sùn síbẹ̀ di ọjọ́ kìíní oṣù Keje, wọ́n lè ní ẹ ti wọ ọdún mìíràn.